Ọ̀nà Omi Faransé àti Ọ̀nà Omi Tiwa

Irú ìsinmi kan wà ní ilẹ̀ Faransé tí àwọn olówó máa ń sanwó gọbọi fún, tó sì jẹ́ pé ìjáfara ni wọ́n ń fi owó náà rà. Wọn a gba ọkọ̀ ojú omi kan ní odidi, ọkọ̀ gígùn pẹrẹsẹ tí wọ́n ń pè ní péniche, tí wọ́n ti kọ́ yàrá ìbùsùn, balùwẹ̀ àti yàrá ìjẹun sí ikùn rẹ̀. Ìdílé kan, tàbí ọ̀rẹ́ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ni yóò wọ̀ ọ́, láìsí àlejò mìíràn láàárín wọn. Atukọ̀ wà níbẹ̀, alásè wà níbẹ̀, ẹni tí yóò mú wọn lọ wo abúlé àti ọgbà àjàrà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni wọn yóò fi máa lọ lójú odò tí a fọwọ́ gbẹ́, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní canal, ibi tí wọn yóò sì dé ni mọ́tò lè dé láàárín wákàtí kan tàbí méjì péré. Ẹni tí ẹsẹ̀ bá ń yún lè sọ̀ kalẹ̀, kí ó máa rìn létí omi, kí ó sì dé ibùdó tó kàn ṣáájú ọkọ̀.

Ìsinmi yìí kì í ṣe ti mẹ̀kúnnù. Ó lè ná ènìyàn kan ní 5,000 euro fún ọ̀sẹ̀ kan, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níwọ̀n ìgbà tí euro kan jẹ́ 655.957 fáráǹkì sẹ́fà, owó náà di 3,279,785 fáráǹkì. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin fọwọ́ sí ní Tógò láti ọdún 2023 jẹ́ 52,500 fáráǹkì. Ẹni tó ń gba iye yìí yóò ṣiṣẹ́ fún ohun tó lé ní ọdún márùn-ún, láìjẹ, láìmu, láìsan owó ilé, kí ó tó lè fi ọ̀sẹ̀ kan sùn nínú péniche. Nígbà tí a ṣe ìṣirò yìí lójú pátákó ní kíláàsì wa, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ na ọwọ́, ó ní: «Monsieur, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí ọkọ̀ má baà yára ni wọ́n ṣe ń san gbogbo owó yẹn?» Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kì í ṣe ti ẹ̀rín nìkan, ìdí nìyí tí a fi ya ojú ìwé ti oṣù yìí sọ́tọ̀ fún un.

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ ohun tí àwọn odò àfọwọ́gbẹ́ wọ̀nyí jẹ́. Kò sí ẹni tó gbẹ́ wọn fún fàájì. Pierre-Paul Riquet, ọmọ ìlú Béziers, ẹni tó ń gba owó orí iyọ̀ fún ọba ní ìhà gúúsù Faransé, ló lọ bá Louis XIV pé kí ó jẹ́ kí òun la ọ̀nà omi kan tí yóò so òkun Atlantic pọ̀ mọ́ òkun Mẹditaréníà. Àṣẹ ọba jáde ní ọdún 1666. Nǹkan bí 12,000 ènìyàn, ọkùnrin àti obìnrin, ló fi ṣọ́bìrì àti apẹ̀rẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ilẹ̀ gbígbẹ́ kọ́ ni ìṣòro tó tóbi jù. Òkè kan ló dábùú ọ̀nà, omi kì í sì í dédé gun òkè. Riquet lọ fa omi láti orí òkè tí wọ́n ń pè ní Montagne Noire, ó sé e mọ́ inú adágún Saint-Ferréol, ó sì darí rẹ̀ wá sí ibi tó ga jù lọ lójú ọ̀nà náà, kí ó lè máa ti ibẹ̀ ṣàn sí ọ̀tún àti sí òsì. Ó ná owó ara rẹ̀ síbẹ̀ títí ó fi jẹ gbèsè. Ó kú ní ọdún 1680, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣí odò náà: 240 kìlómítà, láti Toulouse dé ọ̀sà Thau, ọ̀sà kan tó wà lẹ́yìn iyanrìn etí òkun gẹ́gẹ́ bí tiwa ti wà. Canal du Midi ni orúkọ rẹ̀ lónìí. UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 1996.

Bí ọkọ̀ ti ń gun òkè lórí omi máa ń ya àwọn ọmọ wa lẹ́nu. Ẹ fojú inú wo yàrá òkúta gígùn kan tí kò ní òrùlé, tó ní ilẹ̀kùn ńlá níwájú àti lẹ́yìn. Ọkọ̀ wọ inú rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, a ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, a ṣí ihò kékeré níwájú kí omi òkè lè ya wọlé. Omi ń kún, ọkọ̀ ń bá a ga sókè, títí omi inú yàrá yóò fi bá omi òkè dọ́gba. Nígbà náà ni ilẹ̀kùn iwájú yóò ṣí wẹ́rẹ́, ọkọ̀ yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Omi fúnra rẹ̀ ló gbé ọkọ̀ sókè, kò sí ẹ̀rọ kankan tó fà á. Èyí ni écluse. Lórí Canal de Bourgogne, ní ẹkùn tí wáìnì rẹ̀ lókìkí káàkiri ayé, 189 irú yàrá bẹ́ẹ̀ ló wà láàárín 242 kìlómítà, ní ibi tó ga jù lọ sì ni ọkọ̀ ti ń gba abẹ́ òkè kọjá nínú ihò tó gùn ju kìlómítà mẹ́ta lọ, ní Pouilly-en-Auxois. Ẹ ò rí i pé kò sí bí ọkọ̀ náà ṣe lè yára. (Ẹ jẹ́ kí a fi òótọ́ kékeré kan kún un tí ìwé ìpolówó kì í tẹnu mọ́: àwọn ọgbà àjàrà tó gbajúmọ̀ jù, ti Beaune àti ti Nuits-Saint-Georges, kò sí létí odò náà. Mọ́tò kékeré ló máa ń wá gbé àwọn àlejò nídìí ọkọ̀ lọ síbẹ̀, tí yóò sì dá wọn padà fún oúnjẹ alẹ́.)

Àlìkámà, igi, èédú, òkúta àti àgbá wáìnì ni àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí ń kó láyé àtijọ́. Ẹṣin ló ń fi okùn fà wọ́n láti etí omi. Atukọ̀ tí kò lówó ẹṣin ńkọ́? Òun àti ìyàwó rẹ̀ ni yóò so okùn mọ́ àyà, tí wọn yóò máa fà á. Ní ọdún 1879, mínísítà kan tó ń jẹ́ Freycinet ṣe òfin pé kí wọ́n mú àwọn écluse pàtàkì gbòòrò tó fún ọkọ̀ tó gùn tó mítà 38 àti ààbọ̀. Síbẹ̀ ọkọ̀ ojú irin gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, kámíọ̀ sì gba ìyókù. Nígbà tí yóò fi di ìparí àwọn ọdún 1980, ọkọ̀ ẹrù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá lórí Canal du Midi.

Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ìbá ti kú. Ẹrẹ̀ ìbá ti kún un, ilẹ̀kùn rẹ̀ ìbá ti jẹrà. Ohun tó yọ ọ́ nínú ikú ni pé láti àárín àwọn ọdún 1960, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí ra ọkọ̀ ẹrù tí kò níṣẹ́ mọ́, wọ́n sì sọ wọ́n di ilé ìtura. Ibi tí olówó ń tẹ́ ara sí lónìí nínú ọ̀pọ̀ wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń da àlìkámà tàbí èédú sí lánàá. Owó àwọn àlejò ń mú kí ilé oúnjẹ abúlé ṣì máa ṣílẹ̀kùn, ó sì fún ìjọba ní ìdí láti máa kó ẹrẹ̀, láti máa tún ilẹ̀kùn ṣe. Iṣẹ́ náà kò kéré. Igi platane bí 42,000 ló tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ Canal du Midi; ní ọdún 2006 ni wọ́n rí àrùn kan lára wọn tí kò gbóògùn, láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gé wọn lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, tí wọ́n sì ń gbin irú igi mìíràn dípò. Èsì tí a fún akẹ́kọ̀ọ́ wa nìyí: ìjáfara ọkọ̀ nìkan kọ́ ni wọ́n ń sanwó fún, wọ́n ń sanwó pé ọ̀nà kan tí kò wúlò fún ọjà mọ́ ṣì wà láàyè.

Àwa tí a lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Faransé mọ Seine, Loire, Garonne àti Rhône lórí bí ẹni mọ oríkì bàbá rẹ̀. A mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti sun àti ibi tó ti wọ òkun. Ẹ jẹ́ kí a wá ka tiwa. Láti ìhà ìlà oòrùn Lomé, omi kan tẹ̀ lé etí òkun lọ, iyanrìn díẹ̀ ló sì pààlà láàárín àwọn méjèèjì: adágún Tógò, tí odò Zio àti odò Haho ń ṣàn sínú rẹ̀, ọ̀sà Aného, ẹnu odò Mono lẹ́bàá Grand-Popo, ọ̀sà Ouidah, adágún Nokoué lẹ́yìn Kútọnu, ọ̀sà Àjàṣẹ́, tí àwé ń pè ní Porto-Novo, Àgbádárìgì, títí dé Èkó. Kò sí Riquet kankan tó gbẹ́ ẹ. Òkun àti odò ló ṣe é. Kì í ṣe pé ó já gaara láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ilẹ̀ dí i láwọn ibì kan, níbi tí wọ́n ti ní láti sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n ru ẹrù kọjá, omi sì máa ń fà níbòmíràn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n ní ayé tí etíkun wa kò ní èbúté, tí ìgbì ń da ọkọ̀ nù lójú ẹni tó ń dúró dè é, ọ̀nà ẹ̀yìn yìí ni ọjà gbà. Epo pupa, ẹ̀kùrọ́, ẹja gbígbẹ, iyọ̀, aṣọ, ìkòkò. Wọ́n kó ẹrú gba ibẹ̀ pẹ̀lú, a kò gbọdọ̀ fi èyí pamọ́ fún àwọn ọmọ wa. Ilé kan ṣì dúró ní Agbodrafo tí wọ́n ti ń fi ènìyàn pamọ́ sábẹ́ pákó ilẹ̀ nígbà tí òfin ti de òwò náà.

Èyí tó kan àwa ọmọ Yorùbá jù nínú rẹ̀ ni apá Àjàṣẹ́ sí Èkó, tó jẹ́ ọ̀nà ọjà, tó sì tún jẹ́ ọ̀nà ẹbí. Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861. Faransé na ọwọ́ ààbò sórí Àjàṣẹ́ ní 1863, wọ́n kúrò, wọ́n tún padà wá láàárín àwọn ọdún 1880. Ní 1889 àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n fa ààlà kan tó gé omi náà sí méjì, ẹni tó ń lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì di ẹni tó ń lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Ní tiwa níhìn-ín, Aného ni ọjà wà kí Jámánì tó gbé olú ìlú wá sí Lomé ní 1897. Wọ́n kọ́ afárá èbúté Lomé ní 1904. Ọ̀nà ojú irin láti Lomé dé Aného bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1905. Láti ìgbà náà ni ojú gbogbo ènìyàn ti yí sí ọ̀nà ilẹ̀, tí a sì kẹ̀yìn sí omi. Ní Anagokomé àti ní àwọn àdúgbò wa mìíràn, àwọn ìyá àgbà ṣì wà tó gun ọkọ̀ omi ní kékeré láti Àjàṣẹ́ lọ kí ẹbí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ bi wọ́n pé ibo ni ọkọ̀ máa ń sùn lóru, ta ni ń gbowó, kí ni wọ́n ń jẹ lójú ọ̀nà. Kò sí ìwé tí ẹ ti lè rí irú èsì bẹ́ẹ̀.

Bí a bá sì ń wá ilẹ̀ ọlọ́tí, a kò níláti rìn jìnnà. Láàárín odò Mono àti odò Couffo ni ilẹ̀ àwọn Aja wà, níbi tí wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ ń gbin ọ̀pẹ nítorí ẹmu, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Bourgogne ti ń gbin àjàrà. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dá a yàtọ̀ sí tiwa. Adẹ́mu Yorùbá a fi igbà gun ọ̀pẹ, a dá a lókè, a gbé akèǹgbè kọ́ ọ, ọ̀pẹ náà a sì wà láàyè. Àwọn Aja àti àwọn Ewe a wó ọ̀pẹ lulẹ̀, wọn a jẹ́ kí ó sùn fún ọjọ́ mélòó kan, wọn a lu ihò sí i níbi tó rọ̀, wọn a sì máa fi iná díẹ̀ ra ojú ihò náà kí ẹmu lè máa sun fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bàbá wa kan tó jẹ́ adẹ́mu láti ìhà Kétu máa ń sọ pé ẹni tó bá wó ọ̀pẹ ti jẹ ìyá àti ọmọ pọ̀. Àwọn Aja ní èsì tiwọn: ilẹ̀ tó rẹ̀ ni wọ́n fi ọ̀pẹ bò kí ó lè sinmi, nígbà tí ilẹ̀ bá sì ti lágbára, ọ̀pẹ gbọ́dọ̀ kúrò fún àgbàdo. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ wọn bá ọgbọ́n àgbẹ̀ mu.

Nínú ẹmu yìí ni sódàbì ti jáde, ibẹ̀ gan-an ni ìtàn wa àti ti ilẹ̀ àjàrà ti pàdé. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀ ni pé ọ̀kan nínú ìdílé Sodabi, ní agbègbè Allada, bá Faransé jagun ní Ogun Àgbáyé Kìíní. Ó rí bí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti ń gbé ọtí ka iná, tí wọ́n ń fi ọ̀pá tútù gba oruku rẹ̀, tí oruku náà sì ń di omi líle. Nígbà tó padà sílé, kò ní àjàrà, ṣùgbọ́n ó ní ẹmu. Orúkọ ìdílé náà ló di orúkọ ọtí. Ìjọba amúnisìn fi òfin dè é, nítorí pé ẹni tó bá ń mu sódàbì kì í ra ọtí tí wọ́n kó wọlé láti Yúróòpù, owó bodè sì ń dínkù. Àwọn ènìyàn wá ń se é ní ìkọ̀kọ̀. Lónìí a ń rí i nínú ìgò aláràbarà. A kò kọ èyí kí ọ̀dọ́ kankan lè lọ mu ún. Ọtí líle tí ènìyàn kò mọ ọwọ́ tó sè é ti sọ ọ̀pọ̀ di afọ́jú, ó sì ti pa àwọn mìíràn.

Nǹkan bí 30 kìlómítà ni Agbodrafo sí Lomé. Níbẹ̀ ni a ti ń wọ ọkọ̀ sọdá adágún lọ sí Togoville. Omi náà kò jìn, ọ̀pá gígùn ni atukọ̀ fi ń ti ìsàlẹ̀ kí ọkọ̀ lè máa lọ, gbogbo ohun tí a sì ń gbọ́ kò ju ìró ọ̀pá àti ẹyẹ omi. Ní èdè Ewe, «to» ni omi, «go» sì ni etí: etí omi ni orúkọ ìlú náà, òun ló sì di orúkọ gbogbo orílẹ̀-èdè lẹ́yìn tí Gustav Nachtigal ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn aṣojú ọba Mlapa, ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1884. Póòpù John Paul Kejì dé Togoville ní 1985. Àwọn ojúbọ wà nínú ìlú kan náà, kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìdákẹ́jẹ́ tí àwọn kan ń san mílíọ̀nù mẹ́ta fún ní Bourgogne, ọmọ Lomé lè rí i níhìn-ín ní ọjọ́ Sátidé kan, kí ó sì tún padà sùn sílé.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan ní kí a wá olówó kan tí yóò kó ọkọ̀ ńlá olówó iyebíye wá sórí adágún, gẹ́gẹ́ bí péniche. A kò bá wọn fọwọ́ sí i. Canal de Bourgogne ti ṣófo kí àlejò tó wọ̀ ọ́. Omi tiwa kò ṣófo. Apẹja wà lórí rẹ̀, àwọn obìnrin ń yan ẹja létí rẹ̀, igi tí wọ́n máa ń gún mọ́ inú adágún Nokoué tẹ́lẹ̀, acadja, oko ẹja ni, ó ní olówó, ó ní ààlà. Bí olówó bá kọ́kọ́ dé, etí omi ni yóò kọ́kọ́ rà. A ti rí àpẹẹrẹ díẹ̀ ní Ganvié, ìlú àwọn Tofinu tó wà lórí òpó láàárín omi. Àwọn baba ńlá wọn sá wọ inú adágún kí àwọn tó ń kó ẹrú má baà rí wọn mú. Lónìí, àlejò ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wọn pẹ̀lú kámẹ́rà, àwọn ìyá sì ń fi àkẹtẹ̀ bojú. Ìwé arìnrìn-àjò ń pe ìlú náà ní «Venise ti Áfíríkà», orúkọ tí a kò fẹ́ràn rárá. Kò sí ẹni tó ń pe Venise ní Ganvié ti Yúróòpù.

Ohun tí a ń fẹ́ kéré ju ìyẹn lọ, ó sì ṣòro jù ú lọ: kí àwọn ọmọ tiwa kọ́kọ́ jẹ́ àlejò lórí omi tiwa. Ní Lomé gan-an a ní odò àfọwọ́gbẹ́ kan, canal d'équilibre, tó so àwọn adágún ọ̀sà pọ̀ kí òjò má baà bo àdúgbò. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ń gba orí afárá rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ lọ sílé ẹ̀kọ́. Ọ̀rá omi tútù ni wọ́n ń jù sínú rẹ̀. Wọ́n mọ iye écluse tó wà ní Béziers, nítorí pé a kọ́ wọn; wọn kò mọ ibi tí omi abẹ́ afárá náà ń lọ.

Nítorí náà, ní ìsinmi Ọdún Àjíǹde tó ń bọ̀, a ó mú ogún nínú wọn rìnrìn-àjò ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kìíní, Agbodrafo sí Togoville, kí a sì sùn sí Aného. Ní ọjọ́ kejì, a ó gba ẹnubodè Hilacondji kọjá ní ọ̀nà ilẹ̀, a ó wọ ọkọ̀ ní Grand-Popo lọ wo ibi tí Mono ti pàdé òkun, a ó sì sùn sí Kútọnu. Ní ọjọ́ kẹta, adágún Nokoué dé Àjàṣẹ́, níbi tí àwọn ẹbí ti ṣèlérí àmàlà. Owó tí atukọ̀ bá dá ni a ó san, a kò ní nájà títí yóò fi bínú. Kò sí ẹni tí yóò ya àwòrán ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ kí i, kí ó sì tọrọ àyè. Ẹ̀yin òbí, ẹ fi ìwé àṣẹ àti ìwé ìdánimọ̀ àwọn ọmọ ránṣẹ́ sí wa kí oṣù tó parí. Ẹ̀wù ìléfòó ogún ni a ti yá; ẹni tí kò mọ odò wẹ̀ yóò jókòó sáàárín ọkọ̀, gbogbo wọn yóò sì ti wọ ẹ̀wù náà, kí wọ́n so okùn rẹ̀, kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni tó kan omi.